Ọ̀rẹ́ ọmọ mi ti sọ ọ́ di ẹrú, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa dá sí i

Ìyá Elérèé (Sábó, Ìkòròdú)
Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún, torí ẹni tí ǹ bá sọ ọ́ fún gan-an lọ̀rọ̀ kàn.

Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 15, SS1 ló wà. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti jọ ń bọ̀ láti JSS1. Ìyá ọmọ yẹn àtèmi jọ ń tajà ní Sábó, ṣọ́ọ̀bù wa kọjú síra, a jọ ń dá àjọ. Nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi tára mi ò yá, òun ló bá mi ta ẹ̀wà fún odidi oṣù kan, kò sì mú kọ́bọ̀ níbẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn.

Ohun tójú mi rí nìyí. Ìyá mi wá kí wa láti Ẹ̀pẹ́ ní Sátidé kan, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ di ṣùkú fún ọmọ yìí. Ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ìyá àgbà fún bíi wákàtí méjì, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n parí ẹ̀, ó yí síwá yí sẹ́yìn níwájú dígí, ó ya fọ́tò, ó gbé e sí sítátọ́ọ̀sì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò tíì tó aago márùn-ún ààbọ̀, mo rí iná ní ilé ìdáná. Ọmọ mi ló jókòó sórí àpótí, ó ń tú ṣùkú náà. Ó ti tú u dé ìdajì. Bó ṣe ń fi òòyà ya á, kò tiẹ̀ rọra, irun tó já ti kún itan rẹ̀. Mo ní kí ló dé, ó ní kò wu òun mọ́ ni. Fóònù rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, iná rẹ̀ ṣì ń tàn, mo sì rí ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ sí i: «Ará oko. Má gbé orí yẹn bá mi rìn o.» Ó wá fi àwòrán ẹ̀rín mẹ́ta tẹ̀ ẹ́.

Mi ò sọ nǹkan kan. Mo bá a tú èyí tó kù, mo fi ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ẹsẹ̀ mẹ́rin dì í kíákíá kó má bàa pẹ́ dé ilé ìwé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, aago mọ́kànlá ti kọjá, ó ṣì ń kọ nóòtì Báyọ́lọ́jì. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, ìwé méjì ni mo bá níwájú rẹ̀. Ó ń da tiẹ̀ kọ sínú ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní ọwọ́ ń dun ọ̀rẹ́ òun. Owó oúnjẹ tí mo ń fún un, ₦500 lójúmọ́, ebi ló ṣì fi ń wọlé. Gúrúpù WhatsApp kan wà tí àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà jọ wà nínú rẹ̀. Tí inú bá bí ọ̀rẹ́ yìí, á yọ ọmọ mi kúrò, tó bá ti bẹ̀ ẹ́ tó, á dá a padà. Tí fóònù bá dún báyìí, àyà ọmọ mi á kọ́kọ́ já kó tó mú un. Ọmọ tó máa ń kọrin tó bá ń fọ abọ́ ni tẹ́lẹ̀ o. Mo ti gbàgbé ìgbà tí mo gbọ́ orin yẹn kẹ́yìn.

Kánò ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ bá ìyá ọmọ yẹn ni? Ṣé kí n gba fóònù? Àbí kí n yí ilé ìwé rẹ̀ padà? Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ fi ọwọ́ mi bà á jẹ́ ju bó ṣe wà lọ.

Bàbá Káfíńtà (Ágíríìkì)
10:05 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Àgùntàn tó bá ajá rìn, ìgbẹ́ ni yóò jẹ. Ẹ gba fóònù lálẹ́ yìí, kẹ́ ẹ sọ fún un pé ẹ ò gbọ́dọ̀ rí òun àti ọmọ yẹn pa pọ̀ mọ́. Tó bá ṣorí kunkun, ẹ fi pàṣán bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tiwa, ta ló bi wá léèrè ọ̀rẹ́ tá a fẹ́? Ọmọ ọdún 15 ò tíì mọ ohun tó dáa fún ara rẹ̀.

Ìyá Aránṣọ (Ẹ̀bútè)
10:31 alẹ́

Bàbá Káfíńtà, ẹ má bínú sà, mo máa takò yín díẹ̀. Òwe yín dáa, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgùntàn àti ajá la ń sọ níbí. Ọmọ yìí ò jalè, kò sá níléèwé, kò kọ́ ìwàkiwà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá rìn. Ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Gbogbo wa la máa ń kìlọ̀ fọ́mọ nípa ọ̀rẹ́ tó máa bà á jẹ́, a kì í rántí kìlọ̀ fún un nípa ọ̀rẹ́ tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tá a bá wá na ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ, ibo ni kó sá sí?

Mo ti ṣe ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn rí. Lọ́dún 2019, àkọ́bí mi. Mo gba fóònù, mo ní mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ orúkọ ọmọ yẹn nílé mi mọ́. Lóòótọ́, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Àṣé wọ́n ṣì jọ ń rìn. Fóònù ọmọ yẹn gan-an lọ́mọ mi wá ń yá lò lẹ́yìn mi, ìyẹn náà tún di gbèsè tó ń sìn ín fún. Oṣù mẹ́fà kọjá kí n tó mọ̀. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi, ó ní, «Mọ́mì, ẹ ti ní ẹ ò fẹ́ gbọ́.» Ó ń dùn mí títí dòní.

Ìyá Elérèé, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé òun lẹ̀ ń bá ṣẹjọ́.

Ìyá Elérèé
10:50 alẹ́

Ẹ ṣeun, Ìyá Aránṣọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Bàbá Káfíńtà, mo gbọ́ yín sà, ìfẹ́ lẹ fi sọ ọ́, mo mọ̀. Àmọ́ ọmọ yìí ò ṣẹ̀ mí. Mi ò lè nà án.

Tísà Àgbádárìgì
Ọjọ́ Ajé, 6:15 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́. Ọdún 17 ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ girama, mo lo mẹ́jọ nínú rẹ̀ ní Ìkòròdú kí wọ́n tó gbé mi wá sí ìhà Àgbádárìgì níbí. Níwọ̀n ohun tójú mi ti rí, SS1 ni nǹkan yìí ti máa ń le jù. Lẹ́yìn JSS3, wọ́n á tú àwọn ọmọ ká sí sáyẹ́ǹsì, áàtì àti kọmáṣà. Ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á kàn déédéé rí i pé àwọn tó ń tẹ̀ lé òun ti fọ́n ká. Ẹyọ kan tó bá ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, á dì í mú gírígírí.

Ẹ má rò pé àwọn tísà rí i o. Ìjà ẹ̀ṣẹ́, a máa ń rí i, a ó là á, ó parí. Èyí, mo lè dúró níwájú kíláàsì fún ogójì ìṣẹ́jú kí n má fura. Wọ́n á dákẹ́ lójijì tẹ́nì kan bá wọlé. Wọ́n á gbé báàgì sórí àga tó ṣófo kó má bàa jókòó. Ta ni mo fẹ́ fìyà jẹ nítorí báàgì?

Ìyá, ẹ má wá sí ilé ìwé wá pariwo. Ẹ mú ìwé kan, kẹ́ ẹ máa kọ ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú rẹ̀: ọjọ́ báyìí ló da nóòtì kọ fún un, ọjọ́ báyìí ni wọ́n yọ ọ́ nínú gúrúpù. Ẹ mú un lọ bá tísà kíláàsì wọn ní ìdákọ́ńkọ́, tí ilé ìwé bá ní olùdámọ̀ràn, kí òun náà wà níbẹ̀. Ohun méjì péré ni kẹ́ ẹ tọrọ. Àkọ́kọ́, kí wọ́n yí ìjókòó gbogbo kíláàsì padà, kì í ṣe ti ọmọ yín nìkan. Mo máa ń ṣe é ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó ń mọ ẹni tí mo torí ẹ̀ ṣe é. Ìkejì, kí tísà Báyọ́lọ́jì gba nóòtì wọn wò. Ìwé méjì, ọwọ́ ìkọ̀wé kan: tísà tó bá lójú á rí i láàárín ìṣẹ́jú kan. Òun ni yóò sọ ọ́ fún kíláàsì pé oníkálukú ni kó máa kọ tiẹ̀. Nígbà náà, kì í ṣe ọmọ yín ló kọ̀, tísà ló ní kó má ṣe é mọ́.

Ọ̀rọ̀ yíyí ilé ìwé padà, mi ò bá yín fọwọ́ sí i báyìí. Fóònù ò mọ ọgbà ilé ìwé. Ibi tó bá lọ, àwọn gúrúpù yẹn á bá a lọ.

Onídìrí
Ọjọ́ Ajé, 1:20 ọ̀sán

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí tí mo sì pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́. Èmi náà ti jẹ́ ọ̀rẹ́ yẹn rí.

Mo ti pé ọdún 27 báyìí, irun ni mo ń dì jẹun. Nígbà tí mo ka ibi tí ọmọ yẹn ti ń tú ṣùkú ní ìdájí, mo gbé òòyà sílẹ̀, kọ́sítómà mi ní kí ló ṣe mí. Láti JSS3 títí dé SS2, ọmọ kan wà tí mo ń ṣe báyìí fún. Ó máa ń kọ nóòtì mi. Ó máa ń gbé báàgì mi. Mo máa ń sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi, mo mọ̀ pé kò tóbi. Nílé tiwa nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn mi àfi tí wọ́n bá fẹ́ rán mi níṣẹ́ tàbí kí wọ́n nà mí. Ọmọ yẹn nìkan ló wà láyé tí mo bá sọ̀rọ̀ tó máa ṣe é. Mi ò sọ èyí kẹ́ ẹ lè ṣàánú mi. Ohun tí mo ṣe ò dáa, mo ti lọ bẹ̀ ẹ́.

Ìyá rẹ̀ wá bá ìyá mi jà nígbà kan, lójúde wa, gbogbo àdúgbò gbọ́. Wọ́n nà mí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi san án fún ọmọ yẹn níléèwé. Kò sì sọ fún ìyá rẹ̀ mọ́.

Ohun tó dá mi dúró rèé. Lọ́jọ́ kan mo ju ìwé sórí tábìlì rẹ̀, ó ní, «Mi ò ní lè kọ ọ́.» Ohùn rẹ̀ ò le, kò bú mi, kò sì sọ ìdí. Ó dìde, ó lọ jẹun lọ́dọ̀ àwọn ọmọ míì. Mo ń retí kó padà wá bẹ̀ mí. Kò wá.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa lórí ọ̀rọ̀ ìdí yẹn, mà. Ìdí ni mo fi máa ń mú un tẹ́lẹ̀. Tó bá ní ọwọ́ ń dun òun, màá ní tèmi ló dùn jù. Tó bá ní ìyá òun ò gbà, màá ní ọmọ ọwọ́ ni ẹ́. Lọ́jọ́ tí kò sọ ìdí, mi ò rí nǹkan kan dì mú. Nítorí náà, ẹ kọ́ ọ ní gbólóhùn kúkúrú kan, kó máa sọ ọ́ níwájú yín nílé títí á fi mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹ sì múra sílẹ̀ de oyin o. Lẹ́yìn tí mo bínú bínú tó sú mi, mo ra ẹ̀gbà ọwọ́ fún un, mo ní òun nìkan ni ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a padà, kì í ṣe èébú.

Ìyá Elérèé
Ọjọ́ Ajé, 8:12 alẹ́

Onídìrí, àbúrò mi, mo ka tìrẹ lẹ́ẹ̀mejì ní ṣọ́ọ̀bù, mo wá gbójú sókè wo ọ̀ọ́kán, mo rí ìyá ọmọ yẹn tó ń wọn gaàrí fún ẹnì kan. Mi ò mọ ohun tójú ọmọ rẹ̀ ń rí nílé. Mi ò ro ìyẹn rí. Ọlọ́run á bù kún ẹ.

Ìbéèrè tèmi wá ni pé báwo ni mo ṣe fẹ́ bá ọmọ tèmi sọ̀rọ̀ ọ̀hún? Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é jókòó pé kí ló ń ṣe ẹ́, «Kò sí nǹkan, mà» ni.

Ìyá Ìbejì (Ìgbógbó)
Ọjọ́ Ajé, 9:03 alẹ́

Ìyá Elérèé mi, ẹ má pè é jókòó mọ́. Ọmọ tí wọ́n bá pè jókòó, ó mọ̀ pé ẹjọ́ ni. Ẹ̀wà lẹ̀ ń tà, àbí? Ẹ bu ẹ̀wà sínú àtẹ, kẹ́ ẹ jọ máa ṣa á. Òkúta lẹ máa wò, òkúta lòun náà máa wò, ojú ò ní pàdé ojú. Nígbà táwọn ìbejì mi wà ní ọdún 14, ìdí ẹ̀gúsí tí à ń bó ni mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa wọn.

Ẹ má sì bú ọmọ yẹn o. Tẹ́ ẹ bá ti bú u, ọmọ yín á gbèjà rẹ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa kú sí. Ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tó fẹ́ràn nípa rẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan wà, wọn ì bá má bọ̀ láti JSS1. Ẹ jẹ́ kó sọ ìyẹn dáadáa. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ wá bi í pé, tó bá ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀ wálé, ṣé ara rẹ̀ máa ń fúyẹ́ ni àbí ó máa ń wúwo? Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló ṣòro jù fún àwa ìyá.

Àwọn àgbà ní tá a bá bá èèyàn tan, a kì í fà á nítan ya. Èmi sọ ọ́ fáwọn ọmọ mi bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ọ̀rẹ́ lè bínú sí ẹ, ó lè sọ òótọ́ tó máa dùn ẹ́, àmọ́ tó bá ti ń fà ẹ́ nítan ya, ó ti kọjá ọ̀rẹ́. Ìyẹn yé wọn ju wákàtí kan ìwáàsù lọ.

Bàbá Káfíńtà (Ágíríìkì)
Ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́

Mo ka ọ̀rọ̀ Onídìrí, mo dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo yọ ọwọ́ mi kúrò nínú ọ̀rọ̀ pàṣán. Àmọ́ lórí fóònù, mi ò tíì yí ohùn padà: kó má bá a sùn. Nílé tèmi báyìí, aago mẹ́sàn-án bá ti lù, gbogbo fóònù, tèmi náà, orí tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ ni wọ́n ń sùn sí. Kì í ṣe ìyà tó bá jẹ́ pé gbogbo ilé ló ń ṣe é.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà (Òwútù)
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, mà. Èmi náà fara mọ́ ti Bàbá Káfíńtà, mo kàn fẹ́ fi díẹ̀ kún un nípa WhatsApp. Ẹ jẹ́ kọ́mọ náà fúnra rẹ̀ ṣe é, ẹ̀yin kẹ́ ẹ jókòó tì í. Nínú Settings, abẹ́ Privacy, ibì kan wà tí wọ́n kọ Groups sí. Ibẹ̀ ló ti máa yan àwọn tó lè fà á wọ gúrúpù. Tó bá yọ orúkọ ọ̀rẹ́ yẹn kúrò nínú wọn, kò ní lè máa lé e jáde lónìí kó tún fà á wọlé lọ́la. Á lè fi líǹkì ránṣẹ́ sí i lóòótọ́, àmọ́ ọmọ yín ló máa pinnu bóyá òun fẹ́ wọlé.

Tó bá sì fẹ́ kúrò fúnra rẹ̀, láti ọdún 2022 ni WhatsApp ti ṣe é kó jẹ́ pé àwọn alábòójútó gúrúpù nìkan ni wọ́n máa ń fi tó létí tẹ́nì kan bá jáde, gúrúpù ò ní pariwo rẹ̀ mọ́. Àmì búlúù tó ń fi hàn pé èèyàn ti ka ọ̀rọ̀, ó ṣeé pa fún ọ̀rọ̀ táwọn méjì péré jọ ń sọ, àmọ́ kò ṣeé pa nínú gúrúpù. Ẹ rántí ìyẹn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ pé «o ti kà á, o ò fèsì».

Mi ò ní sọ pé kó blọ́ọ̀kù rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ṣì máa pàdé ní kíláàsì láàárọ̀ ọ̀la.

Ìyá Elérèé
Ọjọ́ Rú, 10:20 alẹ́

A ti ṣa ẹ̀wà. Kóńgò mẹ́rin. Nígbà tá a dé ìkẹta, ó sọ̀rọ̀.

Nǹkan tí mi ò mọ̀ wà níbẹ̀. Nígbà kan, àwọn méjèèjì ń ṣàwàdà, ọmọ mi ń sín tísà kíláàsì wọn jẹ, bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ yẹn gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù láìjẹ́ kó mọ̀. Láti ìgbà náà, tó bá ti kọ nǹkan kan, á ní, «Ṣé kí n fi ránṣẹ́ sí tísà ni?» Oṣù méjì nìyẹn. Gbogbo nóòtì yẹn, gbogbo ₦500 yẹn, ohun tó wà nídìí ẹ̀ nìyẹn.

Mi ò sọkún níwájú rẹ̀. Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ẹ̀wà tó dáa ni mo wá ń sọ nù. Kí ni ṣíṣe báyìí?

Akọ̀wé Kóòtù (Ẹ̀pẹ́)
Ọjọ́bọ̀, 5:50 àárọ̀

Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Kóòtù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi kì í ṣe lọ́yà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi rọ́pò ti lọ́yà. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé fífi nǹkan tó wà lórí fóònù halẹ̀ mọ́ èèyàn kì í ṣe eré ọmọdé nílẹ̀ wa. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà láti ọdún 2015, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2024. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti ọdún 2007. Tó bá jẹ́ àwòrán ìhòòhò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ gba ọ́fíìsì DSVA lọ lónìí, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ìwà ipá tó jẹ mọ́ ìbálòpọ̀. A dúpẹ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ ya àwòrán ojú fóònù àwọn ìhàlẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe láti fi mú ọmọ ọdún 15 o. Kó kàn wà nílẹ̀ ni, torí ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ lónìí, wọ́n lè sẹ́ ẹ lọ́la.

Àmọ́ ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ ọmọ tèmi, màá ní kó lọ bá tísà yẹn kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó lọ. Kó kúnlẹ̀, kó ní, «Mo sín yín jẹ, mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.» Tísà á bínú díẹ̀, tàbí kó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó wà lórí fóònù yẹn ò tó nǹkan mọ́. Ẹ tẹ̀ lé e débẹ̀, àmọ́ kẹ́ ẹ dúró síta.

Tísà Àgbádárìgì
Ọjọ́bọ̀, 6:02 àárọ̀

Mo fara mọ́ èyí pátápátá. Ẹ̀yin òbí ò mọ iye ìgbà tí wọ́n ti sín wa jẹ. A máa ń gbọ́.

Ìyá Aránṣọ (Ẹ̀bútè)
Ọjọ́bọ̀, 12:40 ọ̀sán

Ó ku ti ìyá ọmọ yẹn. Ẹ ò lè má sọ fún un, àánú tó ṣe yín lọ́jọ́sí ò ní jẹ́ kó bójú mu. Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù níwájú kọ́sítómà, ẹ má sì mú ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ lọ sílé rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ oṣù kan tó bá yín tajà yẹn, kó mọ̀ pé ẹ ò gbàgbé. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ ní àwọn ọmọ wa ò rẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ohun tí mo rí ni báyìí báyìí, bá mi wo tìrẹ náà. Ẹ má pe ọmọ rẹ̀ ní nǹkan kan. Ẹ rántí ohun tí Onídìrí sọ nípa nínà: ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó má nà án.

Ìyá Elérèé
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọjọ́ Àìkú, 10:25 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń retí kí n padà wá.

Ó lọ bá tísà. Mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò, mò ń gbàdúrà. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi jáde. Tísà ní kó sín òun jẹ kóun rí i, ó sì ṣe é. Tísà náà ní kì í ṣe bí òun ṣe ń rìn nìyẹn. Wọ́n ti yí ìjókòó gbogbo kíláàsì padà.

Mídítáàmù, mo mú un lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ ìyá mi. Nínú bọ́ọ̀sì, láti ibí títí a fi kọjá Ìtóìkín, gbólóhùn Onídìrí la ń fi dánra wò. Èmi ni ọ̀rẹ́, mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń halẹ̀, òun á ní, «Mi ò ní lè kọ ọ́.» Ní ìgbà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ ò jáde. Nígbà tá a máa dé Ẹ̀pẹ́, obìnrin tó jókòó níwájú wa ti yíjú sẹ́yìn, ó ní, «Ọmọ mi, sọ ọ́ fún un!» Ó tẹ̀ lé ìyá mi lọ sí ọjà Olúwo láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá wọn to ẹja, ó délé pẹ̀lú òórùn ẹja lára, ó sì sùn láìwo fóònù.

Ó sọ gbólóhùn náà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó bọ́ sí bí Onídìrí ṣe wí gẹ́lẹ́: ọjọ́ mẹ́rin èébú, lẹ́yìn náà ni oyin. Ọ̀rẹ́ yẹn mú bisikíìtì wá. Ọmọ mi gbà á, ó ní ó ṣeun, ó sì padà sí ìjókòó rẹ̀. Ó sọkún nígbà tó délé. Ó ní àárò ọ̀rẹ́ òun ń sọ òun. Mo dì í mú, mi ò ní kó má sọkún.

Ti ìyá rẹ̀, kò rí bí mo ṣe fẹ́. Mo dúpẹ́, mo sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó gbọ́ mi tán, ó ní, «Ọmọdé ni wọ́n, wọ́n á parí ẹ̀.» Láti ọjọ́ yẹn, kíkí wa ti kúrú. Ó ṣì ń dá àjọ, ó sì ń fi ọmọ rẹ̀ kékeré gbé owó náà wá dípò kó sọdá fúnra rẹ̀. Ó dùn mí. Mi ò tíì jáwọ́, mo ṣì ń kí i láràárọ̀. Lánàá, mo rí ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ó dá jókòó, mo fi mọ́ínmọ́ín kan ránṣẹ́ sí i. Ó jẹ ẹ́.

Ní bíi wákàtí kan sẹ́yìn, fóònù ọmọ mi dún lórí tẹlifíṣọ̀n, torí Bàbá Káfíńtà ti dá òfin sílẹ̀ nílé wa náà. Ó lọ mú un, ó kà á, ó gbé e wá bá mi láìjẹ́ pé mo béèrè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́, ọ̀rọ̀ gígùn. Ó ní, «Mọ́mì, kí ni kí n sọ?» Mo ní kí ló wu òun gan-an láti sọ. Ó ronú díẹ̀. Ó yí fóònù sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n má bàa rí i, ó tẹ nǹkan kan, kò gùn, ó wá gbé e fún mi pé kí n bá òun fi í sí iná, bátìrì rẹ̀ ti ń kú.